Ta Ló Pe Ọmọ Mi ní Wíkẹ́ẹ̀dì?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ó ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí ìjà ayé.

Àbúrò rẹ fi àwòrán àga tí o kàn hàn mí nínú fóònù. Mo rí i pé oríkèé rẹ̀ wọnú ara wọn dáadáa, inú mi dùn, àfi bí mo ṣe rí i tí ọ̀gá rẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀: wíkẹ́ẹ̀dì. Ọkàn pupa mẹ́tàdínlógún sì tò sí ìsàlẹ̀, mo wá mọ̀ pé èèyàn mẹ́tàdínlógún lo ti dá ọgbẹ́ sí lọ́kàn.

Mo gbé e lọ bá tíṣà àgbà. Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó ní ìkà ni. Mo ní kó tún un wò, bóyá ojú ìwé ló lẹ̀ mọ́ra. Ìkà náà ni.

N ò jẹun ọ̀sán. Mo pe ọ̀gá rẹ, mo ní kó sọ ẹni tí ọmọ mi ṣe níkà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá tọrọ àforíjì, ó ní bí iṣẹ́ bá dára gan-an, wíkẹ́ẹ̀dì làwọn ọ̀dọ́ ìsìnyí ń pè é. Mo ní n ò gbà, bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ń jẹ́ ìkà tó tún ń jẹ́ rere, báwo ni adájọ́ ṣe máa mọ ẹni tó yẹ kó fi sẹ́wọ̀n? Mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ ọ́ pé iṣẹ́ náà dára. N ò gbé fóònù sílẹ̀ títí tó fi kọ ọ́.

Ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀gá rẹ gan-an ló ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ tí o kẹ́rù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wa, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo pè ọ́ ní ìkà, torí o fi èmi nìkan sílẹ̀ sídìí iṣẹ́. Kò sí ìtumọ̀ kejì nínú tèmi lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́ta rèé, o ò wálé. Mo ti mú kí ọ̀gá rẹ pa tiẹ̀ rẹ́, mo ń pa tèmi náà rẹ́ báyìí.

Jọ̀ọ́, mo nílò owó fánííṣì. Má fi í gba inú fóònù, n ò mọ ibi tí owó ń gbà jáde lára rẹ̀. Gbé e wá fúnra rẹ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa níyì lójú ayé, ọ̀nà ilé ò sì ní dí mọ́ ọ.

Èmi ni, bàbá rẹ.