Àga Ìdí Ẹ̀rọ Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Kílò mọ́kànlélógójì ti lọ lára mi láàárín ọdún kan àti oṣù méjì. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, Ìyá Àgbà kígbe. Orúnkún mi ọ̀tún ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, torí kì í dákẹ́. Ṣebí wọ́n ní tí mo bá fúyẹ́, á sinmi? Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Tí orúnkún bá kọ̀, iṣẹ́ parí nìyẹn. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Onídìrí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi rọra bi mí bóyá mo ti lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo ní ara mi le koko. Ó ní Ọlọ́run á bá wa ṣe é. Kò gbà mí gbọ́. Mo sanra, wọ́n ń sọ̀rọ̀; mo rù, wọ́n ń gbàdúrà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Mo wo dígí lẹ́yìn ìwẹ̀. Awọ apá — ó ń rọ̀ dirodiro. Ikùn náà. Ojú tì mí, èmi nìkan nínú yàrá. Mo wá aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn wọ̀, mo lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo gé aṣọ fún ara mi, àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti rù. Mi ò wọn ara mi — aránṣọ wo ló ń wọn ara ẹ̀? Ọwọ́ mi sáà ń gé e lọ. Mo rán an tán, mo wọ̀ ọ́. Èmi àti Onídìrí lè jọ wà nínú ẹ̀. Baálé mi ní, “Ṣé àgọ́ lo rán ni?” Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ọwọ́ mi ò tíì gbọ́ ìròyìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Orúnkún. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ẹ-Dìde — obìnrin tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá nílé ìwòsàn. Ẹ dìde, ẹ jókòó, òun náà ni. Ó tẹ itan mi wò, ó ní iṣan ti bá ọ̀rá lọ, itan ò lágbára tó láti ran orúnkún lọ́wọ́. Kí n máa dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, kí n má fọwọ́ ti nǹkan kan. Mo bi í nípa ẹ̀rọ mi. Ó ní ká fi ọ̀sẹ̀ méjì wò ó. Tí kò bá dẹ̀, ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́ míì. Iṣẹ́ míì! Lọ́mọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta! Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo sọ fún baálé mi. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Mẹ́wàá láàárọ̀. Mẹ́jọ nírọ̀lẹ́. Mo bú Ọ̀gá Ẹ-Dìde nínú ọkàn mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún
Àbígbẹ̀yìn mi yà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn iléèwé. Ó dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ránṣọ. Ó ní, “Màámi, ta lẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ fún?” Mo ní àyè wo? Ó ki ọwọ́ bọ àárín ikùn mi àti tábìlì ẹ̀rọ — títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Àyè ikùn mi àtijọ́ ni. Àga ò kúrò lójú kan náà láti gbogbo ọdún yìí wá, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gbẹ́ ihò mẹ́rin sílẹ̀. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mò ń na ẹsẹ̀ bí ẹni ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lójoojúmọ́! Ọmọ náà ti àga síwájú, èmi lórí ẹ̀. Mo tẹ ẹ̀rọ. Ìyá Àgbà kùn díẹ̀, kò kígbe.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n
Àtẹ̀gùn ṣì ń dùn mí. Ẹ̀rọ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí mọ́. Ọ̀gá Ẹ-Dìde ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, orúnkún náà ò ní di tuntun, ṣùgbọ́n á gbé mi. Mo ń dá rìn bọ̀ wálé, mo ń rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ mo ṣí ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà sójú ewé tuntun, mo kọ “Èmi” sókè ẹ̀, mo ní kí Àbígbẹ̀yìn wá wọ̀n mí. Nígbà tó dé ìbàdí, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ju téépù sílẹ̀, ó dì mọ́ mi, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sì pàdé lẹ́yìn mi. Látìgbà tí mo ti bí i, wọn ò pàdé rí.