Ariwo Tí Kò Lórúkọ

Ìyá mi kékeré, ọmọ tí mo bí tí mo tún ń pè ní ìyá,

Mo kí ọ kú ewu. Kí n tó béèrè ohunkóhun, ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ láti ṣe ọ́ níbi, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò gbé e ṣubú. Àmín. Ara tèmi le bí ọta, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń bá mi jà tí n bá fẹ́ dìde, èmi náà sì ń bá a jà. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò. Ajá télọ̀ tó ń ránṣọ níwájú ilé wa bímọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mi ò sì mọ ẹni tó ní kó wọlé.

Láti ọjọ́ tí o ti pè mí pé ọmọkùnrin kan já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ lẹ́bàá ògiri gígùn yẹn, tó sì tì ọ́ ṣubú tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ fi bó, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. O ní o ò tíì padà síbi iṣẹ́, pé tí o bá ti gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn báyìí, àyà rẹ á máa já, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé yín sì ti ní òun ò lè fi ẹ̀rọ tí o fi ń gé ìwé sílẹ̀ dè ọ́ títí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, ó ju báàgì lọ. Olè jalè, ó ń rìn kiri, ìwọ tí wọ́n jà lólè lo wà ní àtìmọ́lé. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, kò yé mi.

Àwọn ohun tí o ṣàlàyé fún mi náà ò yé mi, má sì wí pé torí mi ò kàwé ni, torí mo kàwé, ìwé kejì ni mo dé kí wọ́n tó mú mi kúrò, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ eléyìí. O ní ojú kan wà lórí òpó iná tó rí gbogbo rẹ̀. Mo bi ọ́ pé kí ni ojú náà wá ṣe, o ní ó ya àwòrán, pé àwòrán ọmọ náà wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Kí ni wọ́n fẹ́ fi àwòrán olè ṣe, ṣé wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀ ni? Ẹni tó dúró wo bí wọ́n ṣe ń ja èèyàn lólè tí kò gbin, lójú tèmi, òun náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. O tún ní ọ̀rẹ́ rẹ lè máa rí ibi tí o wà lórí fóònù tirẹ̀. Ó dáa, ó rí i pé o wà lẹ́bàá ògiri. Ṣé fóònù rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ?

Ẹ̀wẹ̀, dírẹ́bà tí o fi rán ti gbé nǹkan pupa kékeré yẹn dé, èyí tó rí bí ẹyin adìyẹ, tí o ní kí n so mọ́ kọ́kọ́rọ́ nítorí pé èmi nìkan ni mò ń gbé. O ní tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe mí ní jàǹbá, kí n fa okùn rẹ̀, yóò pariwo, àwọn èèyàn yóò sì sá wá. Mo ní ọjọ́ ogun kọ́ là ń pọ́n idà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án gangan, mo fa okùn. Ọmọ mi, mo ti gbọ́ igbe ọmọ tuntun, mo ti gbọ́ igbe ẹlẹ́dẹ̀, èyí ju gbogbo wọn lọ. Ajá télọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ kan sẹ́nu, ó sá jáde.

Mo wá ń retí èèyàn. Ìyàwó bírikìlà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi na ọwọ́, ó pa fèrèsé dé. Télọ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè, ṣe ló tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Wẹ́dà tó ń jó irin nígun ilé ní kí ẹni tó lọ́mọ bá òun gba ohun ìṣeré yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń fún mi lọ́rùn ni, wọn ì bá ti fún un tán. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́, mo bá rì í sínú garawa omi títí ó fi dákẹ́.

Inú bí mi. Mo la ẹnu tí Ọlọ́run fún mi, mo ké lẹ́ẹ̀kan pé ẹ gbà mí. Kí n tó pa ẹnu dé, télọ̀ ti já síta tòun ti àlùmọ́gàjí, ìyàwó bírikìlà gbé ìgbálẹ̀, wẹ́dà ò bọ́ ìbòjú iṣẹ́ dúdú yẹn, kò ríran, ó kọlu télọ̀. Wọ́n ń bi mí pé ta ni, ibo ló gbà. Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni, mò ń dán wọn wò ni. Télọ̀ ní ọjọ́ tí olè bá dé lóòótọ́, òun ni òun yóò bá a di ẹrù mi. Mo ní kí ló dé tí wọn ò wá nígbà tí nǹkan pupa ń ké. Wẹ́dà bọ́ ìbòjú, ó ní, ìyá, ariwo yẹn ò lórúkọ, ohùn yín lòun mọ̀.

Ibẹ̀ ni orí mi ti dàrú. Torí o ní ìwọ náà fa tìrẹ lọ́jọ́ náà, pé àwọn èèyàn dúró, wọ́n wò, wọ́n lọ, pé èèyàn ìlú ńlá ò láàánú. Mo fẹ́ gbà, àmọ́ télọ̀ láàánú, òun náà ò sì gbójú sókè. Nítorí náà, dá mi lóhùn: ta ló mọ ohùn rẹ ní àdúgbò yẹn? Ẹni tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu ọ̀nà yín, ṣé o máa ń kí i? Ẹni òkè rẹ tó máa ń wọ́ àga, kí lorúkọ ọmọ rẹ̀? O ní ìwé tí àwọn ọlọ́pàá pín sọ pé kí ẹ má bá àjèjì sọ̀rọ̀, kí ẹ wo iwájú, kí ẹ máa rìn kíákíá. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ tí gbogbo yín bá ń wo iwájú, ta ni yóò rí ẹni tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́? Bóyá èmi ni kò mọ̀, bóyá ẹni tó kọ ìwé náà ni.

Má bá mi jiyàn lórí èyí tó kàn, o mọ̀ pé mi ò ní gbà. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àlọ nìkan, àbọ̀ di ìgbà tí mo bá ṣetán. Fi owó ọṣẹ kún un, èèyàn kì í lọ kí ará ilé tuntun lọ́wọ́ òfo. A ó kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ yín dé ibi tí ògiri yẹn ti bẹ̀rẹ̀, a ó sọ orúkọ rẹ fún wọn, ìwọ náà yóò sì lahùn kí wọ́n gbọ́, má ṣe sọ̀rọ̀ sínú ọ̀fun bí o ti máa ń ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, o padà síbi iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ èmi yóò dúró níbi tí ọkọ̀ ti ń já yín sílẹ̀, a ó jọ gba ẹ̀bá ògiri náà kọjá, ìwọ ní ìhà ògiri, èmi ní ìhà títì. Ẹni tó bá fẹ́ báàgì, kó wá bá mi sọ ọ́.

Kí ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ mọ̀ ọ́. Kí ẹni tí yóò gbà ọ́ wà nítòsí, kó má sì dití. Tí o bá ka lẹ́tà yìí tán, ṣílẹ̀kùn, kí o kí ẹni tó bá wà níta, ẹnì kan péré, kí n tó dé.

Èmi ni, ìyá rẹ tí kì í bẹ̀rù.