Linux ní Èdè Ọ̀họ̀rí

Àbámẹ́ta, lálẹ́

Ohun tí mo rí láàárọ̀: àga lábẹ́ igi máńgòrò, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo gbágùúdá, àti Ẹ̀gbọ́n Félix, olórí ẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, tó ń béèrè ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ nípàdé tó ń bọ̀.

Mo nawọ́. Mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Faransé máa ń há mi lọ́fun, kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ ní èdè wa, Ọ̀họ̀rí.

Gérard, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa, bú sẹ́rìn-ín. “Cécile, kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Ọ̀họ̀rí o!”

“Ṣé kọ̀ǹpútà ló ń bọ̀ wá gbọ́rọ̀ ni?” Ẹ̀gbọ́n Félix dá a lóhùn. “Àbúrò, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.”

Mo sáré lọ sílé lọ sọ fún Màmá.

Màmá, tí kò gbọ́ Faransé rárá, ní iwájú lòun máa jókòó sí. Olúwa, o ṣé.

Aago mẹ́wàá ti lù kí n tó dùbúlẹ̀.