Ikú Màmá Lucy Nígbà tí Fúnminíyì Wà Lórí Ìtàgé Lókè Òkun

Sí ẹbí Akínlọ́lá, Ọ̀kà Àkókó.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, tí ẹ̀rù sì dàpọ̀ mọ́ ọn, ni àwa Ẹgbẹ́ Eléré Orí Ìtàgé Ìkàrẹ́ fi ń bá yín kẹ́dùn lórí ikú ìyá wa, Màmá Lucy Akínlọ́lá, tí wọ́n papòdà ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ọdún mọ́kànlá ni Màmá fi rán aṣọ eré wa. Nígbà tí òjò ba ẹrù wa jẹ́ ní Ìṣùà, àwọn ni wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ títí eré fi bẹ̀rẹ̀, kí ọba inú eré wa má baà jáde pẹ̀lú ṣòkòtò nìkan.

Ẹ mọ̀ pé Fúnminíyì, àbígbẹ̀yìn wọn, wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ẹgbẹ́ ti ń gbé eré kiri. Ẹ ní kí a má tíì túfọ̀ ìyá fún ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn. A gbà. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń pe ilé kó tó wọ aṣọ eré. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ní Màmá ń sinmi. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ní fóònù wọn ti kú. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹnìkan dáhùn pé Màmá ti lọ sóko. Ta ni kò mọ̀ ní Ọ̀kà pé Màmá Lucy kì í fọwọ́ kan ọkọ́ lọ́jọ́ Àìkú? Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ.

Àyà ọmọ náà já. Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Zachariah, tó wà níbẹ̀, ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Síbẹ̀ Fúnminíyì jáde sórí ìtàgé, ó ṣe eré rẹ̀ dópin, àwọn òyìnbó dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bó ṣe wọlé, kò bọ́ aṣọ eré, ó kúnlẹ̀ ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣáà búra fún mi pé Màmá wà láyé." Alága kò lè búra, ó sọ òtítọ́ fún un.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù báyìí: kí ẹ má lọ sin Màmá kí òun tó dé. Àwa náà ń bẹ̀rù. Ọjọ́ Ẹtì yìí lẹ fi ìsìnkú sí, Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ yóò balẹ̀ sí Èkó, ẹ sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. A ti dá eré tó kù dúró. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ yóò lọ pàdé rẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá sì ní kí a gbé níbi ìsìnkú, a ó gbé e. Bó bá pẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì kan pósí pa.

Kí Ọlọ́run tó ń ṣìkẹ́ ọmọ aláìníyàá tu gbogbo yín nínú. Kí ó ṣí ọ̀nà fún Fúnminíyì, kí ó rí ojú ìyá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó bò ó. Àmín.

Suleiman Abdulrazaq,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìkàrẹ́ Àkókó.