Ikú Mi Gba Mẹ́tàdínlógún Nínú Ogún

Ojúlé Kẹrin, Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
Àtàn-Ọ̀tà.
Ọjọ́ Ajé.

Mọ̀nsúrát ọmọ mi, Àníkẹ́,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí o rí ohun tí ẹnu ò lè ròyìn ní Èkó yẹn, o ò ní ṣe kòńgẹ́ ewu mọ́tò, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò ní bínú rẹ láìnídìí, ibi tí o bá fojú sí, ọ̀nà á là síbẹ̀. Àmín. Ìyá rẹ Àdìzát ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé mi ò kú. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ láti Àtàn pé bàbá rẹ ti di olóògbé, dá a lóhùn pé bàbá ọ̀hún ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọ lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn tó jẹ ẹ̀bà tán. Basit tó ń tún fóònù ṣe ní ìkòríta ló máa ya ìwé yìí ní fọ́tò tí á fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sí ojú kan ṣoṣo, torí mi ò mọ̀ bóyá fóònù lè yí ìwé padà kó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Má fò lọ síbẹ̀ o, kà á bó ṣe tò.

Ọ̀rọ̀ Afeezat ọmọ rẹ ni. Láti ìgbà tí o ti fi í sọ́dọ̀ wa pé o fẹ́ fi wá ilé oníyàrá méjì ná, ọdún kẹta rèé, ọmọ náà ń jẹun, ó ń kírun, ó ga ju ìyá rẹ̀ àgbà lọ báyìí, ó sì máa ń bi wá pé ìgbà wo lo ń bọ̀. Àmọ́ lọ́dún yìí ni wọ́n gbé tíṣà Yorùbá tuntun wá sí iléèwé wọn, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tíṣà Ayọ̀rìndé, ará Ọ̀ṣun ni. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń fún wọn ní àròkọ kọ, èmi ni mo sì máa ń kà á bí ọmọ bá ti gbà á padà. O mọ̀ pé ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣọ́ géètì iléeṣẹ́ alápáálí ní Agbára. Ìwé ńlá ló máa ń wà níwájú mi, ẹni tó bá wọlé, màá kọ ọ́, ẹni tó bá jáde, màá kọ ọ́, tó bá dìrọ̀lẹ́ ọ̀gá á wá fi báírò pupa sáìnì sí i. Ohun tí báírò pupa bá ti fọwọ́ sí, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ojú tí mo fi ń wo ìwé géètì ni mo fi wo ìwé Afeezat, torí ó ní déètì, ó ní orúkọ, báírò pupa sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kà, ọmọ náà kọ ọ́ pé òun wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Kánò, òun rí ìkùukùu lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, obìnrin kan sì gbé ìrẹsì wá fún òun lórí ìjókòó. Mo pe ìyá rẹ, mo ní ta ló sanwó ọkọ̀, ó ní òun ò mọ̀. Mo wo déètì tó ní òun lọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ọlidé ni, ọjọ́ tí èmi àti Afeezat jọ bó ẹ̀gẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ní bóyá ìwọ lo wá gbé e tí o ò jẹ́ ká mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀nà wa tó bàjẹ́. Lẹ́tà náà dùn, ó pe alága ní ọlọ́lá jùlọ, Tíṣà sì fi báírò pupa fọwọ́ sí i, èmi wá gbà pé ọ̀rọ̀ ti dé etí ìjọba. Òwúrọ̀ mẹ́ta ni mo fi dé fìlà lọ jókòó ní ìkòríta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Basit, kí n lè júwe ibi tí kòtò náà ti jìn jù fún àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, katapílà kan yọ lóòótọ́. Mo dìde, mo juwọ́ sí i, awakọ̀ náà juwọ́ padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ sọ́nà Agbára.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kọ ọ́ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ dára ju iṣẹ́ iléeṣẹ́ lọ. Inú mi dùn, nítorí ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí Jímọ̀ mìíràn pé, ọmọ kan náà kọ ọ́ pé iṣẹ́ iléeṣẹ́ dára ju iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ, ó sì gba máàkì ju ti àkọ́kọ́. Ní géètì tiwa, ẹni tó bá sọ orúkọ méjì lọ́jọ́ méjì, a kì í ṣílẹ̀kùn fún un. Ó kọ nípa òkun, kò sì rí òkun rí. Ó kọ nípa erin. Ó kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí, ìyẹn péye, àfi pé ìyá rẹ ní ó gbàgbé láti fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kó tó yan án. Ó kọ ojú ewé méjì lórí bí fóònù ṣe ń ba ọmọdé jẹ́, inú fóònù ìyá rẹ ló sì ti wá gbogbo ọ̀rọ̀ náà jáde.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo wà lẹ́yìnkùlé tí mò ń bó ẹ̀gẹ́, síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀. Èèyàn márùn-ún wọlé, Tíṣà Ayọ̀rìndé, igbákejì ọ̀gá iléèwé àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, wọ́n gbé búrẹ́dì àti míníráàsì dání, gbogbo wọn fajú ro. Wọ́n ní ẹ kú ara-fẹ́ra-kù o. Mo ní àmín, Ọlọ́run á dá wa sí. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé Bàbá Fàlílù ti di olóògbé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, torí Fàlílù méjì ló wà ní mọ́ṣáláṣí wa, èmi àti Fàlílù tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ọmọlúàbí èèyàn sì ni. Mo ní ìnnà lílláì, mo sáré wọ yàrá, mo wọ jàlábíà, mo dé fìlà, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ kí àwọn ìyàwó rẹ̀. A ti dé ẹnu ọ̀nà kí Tíṣà tó ṣí ìwé Afeezat, tó ní rárá, Fàlílù tó ṣọ́ géètì ní Agbára ni, tó ní àpá níwájú orí lápá òsì. Mo fọwọ́ kan iwájú orí mi. Ìyá rẹ tó ń ti ibi ìdáná bọ̀ figbe ta, ó dì mọ́ mi, ó ń tẹ̀ mí káàkiri bí ẹni tó ń yan píà lọ́jà. Afeezat ní tirẹ̀ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Àṣé ọjọ́ tí inú wọn bàjẹ́ jùlọ ni Tíṣà ní kí wọ́n kọ. Nígbà tó yé e tán, obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ti fún ikú náà ní mẹ́tàdínlógún nínú ogún, òun sì ti sunkún lé e lórí. Ó ní wọ́n gba ọmọ iléèwé láyè láti kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, bó bá ṣáà ti kọ ọ́ dáadáa. Mo ní ta ló gbà wọ́n láyè, ó ní ìjọba ni. Wọ́n fi búrẹ́dì náà sílẹ̀ fún wa, a jẹ ẹ́, ó dùn.

Mo lọ bá Alfa Umar, mo bi í bóyá ikú tí wọ́n ti fi báírò pupa sáìnì sí lè dì mọ́ èèyàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé tí Ọlọ́run kọ nìkan ló ń mú èèyàn lọ, ṣùgbọ́n bí ọkàn mi ò bá balẹ̀, kí n ṣe sàráà. Ọkàn mi balẹ̀ o. Sàráà náà ni mo kàn fẹ́ ṣe.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó, mo ka ikú mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mọ̀nsúrát, ọmọ rẹ mọ̀wé kọ. Ó ní rédíò mi ṣì ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé lẹ́yìn tí mo ti kú, kò sì sí ẹni tó láyà láti pa á. Ó ní òun mú fèrè tí mo máa ń fọn ní géètì, òun fi pamọ́ sínú báàgì iléèwé òun. Mo lọ wò ó, fèrè náà wà nínú báàgì lóòótọ́. Ó ní wọ́n wẹ̀ mí, wọ́n fi aṣọ funfun wé mi, Alfa kírun sí mi lára, wọ́n sì sin mí kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló tọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìgbà tí mo dé ojú ewé kejì ni mo rí ibi tó kọ ọ́ sí pé ìyá òun dé lọ́jọ́ kẹta.

Mo pè é, mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ kẹta. Mi ò jágbe mọ́ ọn. Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ ni mo kú, pé mọ́mì òun kì í ráyè kúrò níbi iṣẹ́ títí di Sọ́ńdè. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ìgbà tó ń ka ìṣirò fún mi. Mo kà á lọ́wọ́, Jímọ̀, Sátidé, Sọ́ńdè, ó pé mẹ́ta. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ yẹn ti kọ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, ọkọ̀ òfurufú, òkun, erin àti ikú èmi fúnra mi, ibẹ̀ yẹn ni mi ò ti rí irọ́ kankan. Ó dùn mí, Àníkẹ́. Ó dùn mí ju ikú náà lọ.

Mo mọ̀ pé o máa ń pè wá lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, mo sì ń rí ojú rẹ, o sanra díẹ̀, ó yẹ ọ́. Ṣùgbọ́n fún odidi ọdún méjìlélógún, mi ò kọ ojú ẹnikẹ́ni sínú ìwé géètì rí, ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé ni mò ń kọ. Láti Iléyá ni ẹsẹ̀ rẹ kò ti wọlé yìí. Èkó sí Ṣàngó kì í ṣe Mẹ́kà, bí o bá sì ti bọ́ sílẹ̀ ní Tóògéètì, mọ́tò Àtàn pọ̀ níbẹ̀.

Owó tí mo fẹ́ ni owó ẹ̀wà àti òróró tí ìyá rẹ máa fi dín àkàrà sàráà fún gbogbo kíláàsì Afeezat, àti fún tíṣà tó sunkún mi, owó bàtà iléèwé Afeezat, torí ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti lanu, àti owó bátìrì rédíò mi, kó má baà dákẹ́ ṣáájú mi. Má fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ Kàfáyá onípíọ́ọ̀sì. Mo ti yẹ ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ yẹn wò tọ̀túntòsì, mi ò rí ibi tí owó lè gbà wọnú rẹ̀ láti Èkó, èyí tó bá sì jáde kì í pé. Fọwọ́ ara rẹ gbé e wá.

Ohun tí mo ní ó wà nísàlẹ̀ nìyí. Ní iléeṣẹ́ wa, bí wọ́n bá kọ ohun tí kò tọ́ sínú ìwé géètì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa ewé náà ya, kò sì gbọdọ̀ pa á rẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló máa wá fúnra rẹ̀, á fa ìlà kan ṣoṣo lé e, á kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì sáìnì. Mo ti gba ìwé náà lọ́wọ́ Afeezat, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, báírò pupa sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ojú ewé kejì ni, ìlà kẹsàn-án, níbi ọjọ́ kẹta yẹn.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, á fi ilé oníyàrá méjì náà jíǹkí rẹ, á sì jẹ́ kí o bá mi níbi tí mo jókòó sí.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò tíì kú,
Fàlílù Àlàrí.