Ìkòkò Tí Ìyá Ọkọ Mi Ń Bú

Ẹ̀gbọ́n Su-chin, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí gbogbo àdúgbò wa nílùú Tainan níbí ló ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò.

Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, màá da omi ife kan sínú ìkòkò oníná mi. Ìrẹsì á wà nísàlẹ̀, ẹja àti ẹ̀fọ́ á wà lókè. Tí omi bá ti gbẹ, bọ́tìnnì á fò sókè, oúnjẹ ti jinná nìyẹn, kò sí òróró rẹpẹtẹ.

Lóṣù tó kọjá, ìyá ọkọ mi kó wá bá wa. Wọ́n ní, "Oúnjẹ tí èèyàn ò dúró tì, ṣé oúnjẹ nìyẹn?" Ni wọ́n bá gba ilé ìdáná. Láti ọjọ́ náà, òórùn aáyù díndín ló ń pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi á ní, "Ṣó o gbọ́ òórùn yẹn? Lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ màámi!"

Lọ́jọ́rú, mo tètè dé. Màmá na ẹsẹ̀ sórí àga, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìkòkò mi ló ń se ẹja! Nínú agbada tó wà lórí gáàsì, aáyù nìkan ló wà níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, orúnkún ló ń dùn mí. Má sọ fún ọkọ ẹ o."

Nígbà tá a jókòó jẹun, ọkọ mi tún bẹ̀rẹ̀: "Èyí tí wọ́n fọwọ́ sè nìyí!" Màmá ò wojú mi. Wọ́n kàn bu ẹja tó tóbi jù sínú abọ́ mi.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ̀rọ̀ ni, àbí kí n jẹ ẹja mi?

Èmi ni, Ìyàwó Oníkòkò.