Ìdọ́gba Tí Mo Fún Lórúkọ
Sábó, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Mo ti yọ gbogbo ìdọ́gba tí Délé, àfẹ́sọ́nà mi, kọ kúrò nínú ìwé ìṣirò tá a jọ ń kọ lórí kọ̀ǹpútà. Òun ló ní kí n yọ wọ́n. Ó ní ẹlòmíì lòun fẹ́ gbé níyàwó. Ó tiẹ̀ kọ "jọ̀ọ́" sí àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi sọ ọ́. Jọ̀ọ́ kẹ̀!

Òun náà ló kọ́ mi pé kí n má fọwọ́ kọ nọ́ńbà. "Ṣáà fún ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Níbi tó o bá ti kọ orúkọ yẹn, kọ̀ǹpútà á fi nọ́ńbà ẹ̀ síbẹ̀."

Bí mo ṣe yọ tiẹ̀ tán, àwọn nọ́ńbà tún ara wọn tò. Kò sí àlàfo, àfi bíi pé kò débẹ̀ rí. 

Ẹni tó máa bá mi tẹ ìwé náà ní Ṣómólú wá pè mí lórí fóònù. "Àǹtí, ẹ kọ ọ́ pé 'ẹ wo ìdọ́gba', àmì ìbéèrè méjì ló wà níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà. Èwo lẹ ní ká wò?"

Mo ní mo máa tún un ṣe. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ọ̀kan lára àwọn tí Délé kọ ni, "Ọkọ mi" ni mo sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ṣì ń pè é, kò sẹ́ni tó dáhùn.